Ohun Méjì tí Fágúnwà Béèrè lọ́wọ́ Òǹkàwé

Àwọn onímọ̀ tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ lórí ìwé D.O. Fágúnwà kò kéré. Wọ́n ti yẹ èdè rẹ̀ wò, wọ́n ti ka àwọn iwin inú igbó rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ti tọpasẹ̀ àwọn ìtàn tí ó yá lò. Ìwé tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ ní 1974 lórí àwọn ìtàn-àròsọ náà ṣì ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń ṣe atọ́nà títí di òní. Ṣùgbọ́n apá kan wà tí àwa tí a ń kọ́ni ní ilé-ìwé girama sábà máa ń fò kọjá. Apá náà ni ohun tí Fágúnwà fúnra rẹ̀ rò nípa ìwé kíkà, àti irú iṣẹ́ tí ó gbà pé ìwé kíkọ jẹ́. Kò fi èrò yìí pamọ́ rárá. Ó kọ ọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, kí ìtàn gan-an tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, àti àwa olùkọ́ wọn pẹ̀lú, máa ń ṣí kọjá kíákíá kí a lè tètè dé ibi tí Àkàrà-ògùn gbé bọ́ sínú igbó.

Ẹ jẹ́ kí á padà síbẹ̀. Fágúnwà fi ìtàn tí ó fẹ́ sọ wé ìlù àgídìgbo, ìlù tí kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ ni ó mọ̀ ọ́n jó. Ó fi ara rẹ̀ sí ipò onílù, ó sì fi àwa tí a ń kà á sí ipò oníjó. Lẹ́yìn èyí ni ó wá béèrè ohun méjì lọ́wọ́ wa kí ijó náà lè dùn. Èkíní ni pé nígbàkígbà tí ẹ̀dá-ìtàn kan bá ń sọ̀rọ̀, kí òǹkàwé fi ara rẹ̀ sí ipò ẹni náà, kí ó máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òun gan-an ni. Èkejì ni pé kí òǹkàwé, gẹ́gẹ́ bí olóye ènìyàn, fúnra rẹ̀ máa fa ọgbọ́n yọ nínú ìtàn náà bí ó ti ń lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀ ju bí a ti ń rò lọ. Onílù kì í bá oníjó gbé ẹsẹ̀. Bí a bá ń lu ìlù tí ẹnikẹ́ni kò dìde, a kò lè pe èyí ní òde ijó. Ní ojú Fágúnwà, ìwé tí a ti tẹ̀, tí a ti dì, tí a sì ti tò sórí pẹpẹ kò tíì parí. Ẹni tí yóò kà á ni yóò parí rẹ̀. Láàrin ọdún 1960 sí 1980, àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ ní ilẹ̀ Jámánì àti ní Amẹ́ríkà fi odidi tíọ́rì lélẹ̀ lórí ipa tí òǹkàwé ń kó nínú ìtumọ̀ ìwé. N kò sọ pé ohun kan náà gan-an ni wọ́n ń sọ, nítorí ọ̀nà wọn yàtọ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé olùkọ́ ilé-ìwé kan láti Òkè-Igbó ti gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ ní 1938 nínú ìpínrọ̀ díẹ̀, ní èdè Yorùbá, láìpe ara rẹ̀ ní onítíọ́rì. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ èyí kí ó tó jáde ní ilé-ìwé girama.

Ohun èkíní tí ó béèrè ni ó kan yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ jù. Bí òǹkàwé bá ní láti sọ̀rọ̀ bí ẹ̀dá-ìtàn, a jẹ́ pé ẹnu ni Fágúnwà fẹ́ kí á fi ka ìwé òun, kì í ṣe ojú nìkan. Èyí kò yani lẹ́nu. Ní àkókò tí ìwé náà jáde, àwọn tí ó mọ̀wé kà ní ilẹ̀ wa kò pọ̀. Ẹnì kan ni yóò mú ìwé lọ́wọ́, tí àwọn ìyókù yóò sì tẹ́tí sílẹ̀. Èdè tí ó fi kọ ọ́ bá èyí mu. Gbólóhùn rẹ̀ máa ń gùn, yóò to ọ̀rọ̀ lé ọ̀rọ̀, yóò sọ ohun kan tán yóò sì tún un sọ ní ọ̀nà mìíràn. Ẹni tí ó bá fi ojú lásán kà á lè sọ pé ó ti pọ̀ jù. Ẹni tí ó bá fi ẹnu kà á yóò rí ibi tí èémí ti ń sinmi.

Ibi tí èyí ti hàn sí mi gbangba ni ìjà ẹnu tí ó wáyé láàrin Olówó-ayé àti Èṣù-kékeré-òde nínú Igbó Olódùmarè. Mo fún ọmọkùnrin kan ní kíláàsì mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní ipa iwin náà, mo sì fún ọmọbìnrin kan ní ipa Olówó-ayé. Ọmọkùnrin yìí kì í sábà la ẹnu bí a bá ń ṣe lítíréṣọ̀. Nígbà tí ó ka ìlà bíi mẹ́ta, ohùn rẹ̀ yí padà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì dákẹ́. Mo ní kí wọ́n pààrọ̀ ipa, kí Olówó-ayé di iwin, kí iwin di Olówó-ayé. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti ẹnu wọn: kí ló dé tí àwọn méjèèjì fi ní láti yin ara wọn tán kí wọ́n tó wọ̀yá ìjà? Ta ni ẹ̀rù ń bà nínú wọn? Ọmọ kan dáhùn pé àwọn méjèèjì ni, àti pé ẹni tí ẹ̀rù kò bá bà kì í ka oríkì ara rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀. N kò rí ìdáhùn yìí nínú ìwé atọ́nà kankan, ó sì dára ju èyí tí mo ti rí níbẹ̀ lọ.

Àwa a máa kọ ọ́ sí ojú pátákó pé Fágúnwà lo àwítúnwí, ó lo àsọdùn, ó lo àfiwé tààrà, ó lo ìfohunpènìyàn. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò há a sórí, yóò sì kọ ọ́ sínú ìdánwò. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti fi ẹnu ara rẹ̀ dẹ́rù ba alátakò rí nínú kíláàsì, yóò mọ̀ pé àwítúnwí nínú ìjà ẹnu kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ẹsẹ̀ tí ń sún mọ́ ọ̀tá ni. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ẹni tí ó mọ orúkọ ọnà èdè àti ẹni tí ó mọ iṣẹ́ tí ọnà èdè ń ṣe nìyẹn, ìwé ìdáhùn sì máa ń fi í hàn ní kedere.

Ní ọdún kan tí mo bá wọn máàkì, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdáhùn láti ibùdó kan tí n kò ní dárúkọ ni ó ní gbólóhùn kan náà, àmì ohùn tí ó ṣì ibi wà níbẹ̀ kò sì yàtọ̀ láti ìwé kan sí èkejì. Èmi kò rò pé wọ́n jíwèé wò. Ìwé pélébé kan tí ó kó ìtàn náà jọ ní ojú ewé díẹ̀ ni gbogbo wọn há sórí. Ìwé pélébé náà ti jó ijó náà fún wọn, wọ́n kàn wá ròyìn ijó fún wa ni. Mo mọ̀ pé owó ìwé wọ́n, mo sì mọ̀ pé òbí tí ó ní ọmọ mẹ́rin nílé-ìwé yóò ra èyí tí ó kéré jù. (Ìwópin, níbi tí ìjọba àpapọ̀ gbé dá ilé-iṣẹ́ bébà sílẹ̀, kò jìnnà sí wa, bí ó bá ti ń ṣe bébà tó bí a ti pinnu rẹ̀ ni, bóyá à bá máa sọ ọ̀rọ̀ mìíràn.) Síbẹ̀, ẹ̀dà ìwé márùn-ún tó fún kíláàsì tí yóò bá fi ẹnu kà á. Àádọ́ta kò tó fún kíláàsì tí yóò máa fi ojú wò ó.

Ohun kejì tí Fágúnwà béèrè ni pé kí òǹkàwé fúnra rẹ̀ fa ọgbọ́n yọ. Níhìn-ín ni ó ti yẹ kí á bi í ní ìbéèrè, nítorí kò fi gbogbo ara gbà wá gbọ́. Ẹni tí ó ní kí á máa ronú fúnra wa ni ó tún máa ń dá ìtàn dúró láti wàásù. Nínú Ògbójú Ọdẹ, bí àwọn ọdẹ ti dé Òkè Láńgbódó, Ìrágbèje gbà wọ́n lálejò, ọjọ́ méje ni ó sì fi kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́. Àwọn kan nínú ẹ̀kọ́ náà dùn, nítorí ìtàn ni ó fi gbé wọn jáde. Àwọn mìíràn kò ju ìmọ̀ràn lásán lọ, mo sì gbà pé wọ́n gùn jù. Kí olùdánwò máà béèrè pé kí ọmọ to ẹ̀kọ́ ọjọ́ méjèèje lẹ́sẹẹsẹ; kò sí ohun tí èyí ń dán wò ju agbárí lọ.

Ibi tí ìwàásù yìí ti wá kò ṣòro láti mọ̀. Wọ́n bí Fágúnwà ní Òkè-Igbó ní 1903. Oròwọlé ni orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí ó tó di Daniel Ọlọ́runfẹ́mi, nítorí inú ẹ̀sìn ìbílẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀ wà kí wọ́n tó di onígbàgbọ́. Láti 1926 dé 1929 ni ó fi wà ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Áńdérù Mímọ́ ní Ọ̀yọ́, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé-ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà fi ń kọ́ṣẹ́, títí di 1939. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Nígbà tí ó fi ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí ìdíje ìwé kíkọ ní 1936, olùkọ́ ọmọ kéékèèké ni. Nígbà tí iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé CMS gbé e jáde ní 1938, iṣẹ́ kan náà ni ó ń ṣe. Ẹni tí ó ń kọ́ ọmọdé láti òwúrọ̀ kì í fi ohùn olùkọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ó bá dé ilé ní alẹ́. Mo sọ èyí fún àwa tí a máa ń wí pé iṣẹ́ olùkọ́ kò jẹ́ kí á ráyè kọ nǹkan. Iṣẹ́ náà ba ìwé Fágúnwà jẹ́ díẹ̀, ó sì tún un ṣe púpọ̀, nítorí pé níbẹ̀ ni ó ti mọ bí a ti ń mú àwùjọ dání.

Kí ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń kà? Bíbélì Yorùbá, tí odindi rẹ̀ ti wà láti 1884, wà lọ́wọ́ rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì wà káàkiri inú gbólóhùn rẹ̀. Ìwé John Bunyan, tí David Hinderer túmọ̀ sí Yorùbá ní 1866, jẹ́ ìwé tí gbogbo ilé-ìwé ìjọ mọ̀. Nínú ìwé náà, ìwà ẹ̀dá-ìtàn ni orúkọ rẹ̀, ìrìnàjò ni ìtàn náà, ewu sì wà ní gbogbo ibùdókọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá ti ka èyí tí ó wá rí Ìmọ̀dóyè, Olóhùn-iyọ̀ àti Ìrànlọ́wọ́ nínú igbó Fágúnwà yóò mọ̀ pé ojúlùmọ̀ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n èrò mímọ́ tí Bunyan kọ nípa rẹ̀ kò ní ìbọn, kò mọ ọfọ̀, kò sì lè kọrin ìjálá. Ohun tí ó wá láti inú ìwé pàdé ohun tí ó wá láti ẹnu ọdẹ àti apàlọ́, wọ́n sì di nǹkan ẹ̀kẹta. Bí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn lítíréṣọ̀, kí á máà jẹ́ kí wọ́n rò pé òǹkọ̀wé kan yóò yá nǹkan lò kí ó tó di olè. Kò sí ẹni tí ó kọ ìwé dáadáa tí kò kọ́kọ́ kà á.

Amos Tútùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, kò ní ilé-ìwé gíga bí ti Fágúnwà. Ońṣẹ́ ni ní ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì fi kọ ìtàn ọlọ́tí ẹlẹ́mu rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952. Òun náà wọ inú igbó iwin, òun náà sì jáde pẹ̀lú ìwé. Àwa tí ìpínlẹ̀ wa bí i, ó yẹ kí á máa fi àwọn méjèèjì wé ara wọn nínú kíláàsì ju bí a ti ń ṣe lọ. J. Ògúnṣínà Ògúndélé náà, ẹni tí ó gbé Ibú Olókun jáde ní 1956, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹni ìgbàgbé.

Ní ti ìgbésí ayé òǹkọ̀wé, Fágúnwà tún sọ èrò rẹ̀ nínú ètò ìtàn rẹ̀. Ẹ rántí bí Ògbójú Ọdẹ ti bẹ̀rẹ̀. Òǹkọ̀wé jókòó sórí àga rẹ̀ ní òwúrọ̀, ara rẹ̀ balẹ̀, nígbà tí bàbá àgbà kan wọlé tọ̀ ọ́. Bàbá náà ní kí ó mú gègé àti bébà, kí ó kọ ìtàn òun sílẹ̀, kí ó má sì fi í di ọjọ́ mìíràn. Àkàrà-ògùn ni ó rin ìrìn náà, òun ni igbó fi ojú rẹ̀ rí màbo, òun ni ó ní ìtàn. Ohun tí òǹkọ̀wé ní kò ju gègé, bébà àti etí lọ. Èmi kò mọ ìwé mìíràn ní èdè wa tí ó fi òǹkọ̀wé sí ipò ìrẹ̀lẹ̀ tó báyìí. Ọjọ́ kejì, àwọn ènìyàn ti gbọ́, wọ́n kóra jọ; nígbà tí ó di ọjọ́ kẹta, èrò ti kún ibẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ìtàn á dúró. Nítorí náà, bí ẹ bá ń pín ìwé náà fún kíkà láàrin táàmù, ọjọ́ tí Àkàrà-ògùn fi sọ ọ́ ni kí ẹ fi pín in, kì í ṣe iye ojú ewé. Ètò tí Fágúnwà ṣe fún wa nìyẹn.

Kíkọ náà kò yá. Láti 1938 títí di 1949, ọdún mọ́kànlá gbáko, kò sí ìtàn-àròsọ tuntun láti ọwọ́ rẹ̀. Ogun Hitler wà láàrin ọdún náà, ó sì tún lọ sí Ìlú Ọba láti 1946 dé 1948, èyí tí ó fún wa ní Ìrìnàjò, apá kìíní àti apá kejì. Ní 1949 ni Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó jáde, Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje tẹ̀ lé wọn ní 1954, Àdììtú Olódùmarè sì di 1961. Ìtàn-àròsọ márùn-ún ní ọdún mẹ́tàlélógún. Ní 1960 ó kọ àpilẹ̀kọ kúkúrú kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì sínú Teachers' Monthly lórí bí a ti ń kọ ìtàn-àròsọ. Àwọn olùkọ́ ni ó kọ ọ́ fún, ó sì dá mi lójú pé ó mọ̀ọ́mọ̀ yàn wọ́n ni. Ní oṣù Kejìlá 1963 ni ó kú sínú odò nítòsí Bídà, lẹ́nu iṣẹ́ ìwé tí ó ń bá ilé-iṣẹ́ Heinemann ṣe.

Kókó kan kù tí ó kan àwa ará Ìjẹ̀bú ju ẹlòmíràn lọ. Àwọn ọmọ wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó mọ igbó. Ọkọ̀ agbégilódò ń kọjá lójú wọn lójoojúmọ́, ariwo sọ́mìì ń jí wọn, bàbá àwọn mìíràn sì ti rin igbó ọba tí a ń pè ní J4, níbi tí erin ṣì wà. Ọ̀rọ̀ igbó Fágúnwà kì í ṣe àjèjì sí wọn. Bí a bá dé Àbígí, Ìbíadé tàbí Mákùn-Omi ní agbègbè Ògùn Wọ́tásáìdì, omi ni àwọn ọmọ mọ̀. Kí olùkọ́ má fi dandan mú wọn wọ igbó. Kí ó ní kí wọ́n gbé Àgbàkò sínú ọ̀sà, kí wọ́n kọ ohun tí yóò wọ̀, ohun tí yóò sọ fún ẹni tí ó bá pàdé rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ní ìdájí. Mo ti ka irú àròkọ bẹ́ẹ̀ láti ọwọ́ àwọn ọmọ náà. Èdè wọn kò dán, ẹ̀ka-èdè Ìjẹ̀bú àti ti Ìlàjẹ kún inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí bí mo ti ń kà á.

Ẹ̀ka-èdè yìí náà ń da àwọn ọmọ láàmú. Wọ́n rò pé Yorùbá ìwé jẹ́ ti ọmọ Ọ̀yọ́, àti pé ẹni tí a bí sí etí omi kò lè kọ ọ́ láéláé. Ó yẹ kí á sọ fún wọn pé Òkè-Igbó kì í ṣe Ọ̀yọ́. Fágúnwà kọ́ èdè tí a fi ń yìn ín, ó sì fi ọdún mẹ́tàlá gbé Ọ̀yọ́, gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́, kí ó tó kúrò níbẹ̀. Bákan náà, àwọn ẹ̀dà àtijọ́ tí ó ṣì wà ní ilé-ìkàwé wa kò bá àkọtọ́ 1974 mu. Ọmọ tí ó bá rí “aiye”, “enia” àti “on” nínú wọn lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìdánwò. Èmi a máa gé máàkì èyí ní abala èdè. Ní abala lítíréṣọ̀, bí ó bá jẹ́ pé inú ìwé náà ni ó ti rí i, n kì í gé e, nítorí ẹ̀rí ni pé ó ka ìwé náà fúnra rẹ̀.

Ní ti ìbéèrè ìdánwò, mo dábàá pé kí á dín irú “Dárúkọ àwọn ọdẹ tí ó lọ sí Òkè Láńgbódó” kù. Kí á fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìpínrọ̀ kan tí ẹ̀dá-ìtàn ti ń sọ̀rọ̀, kí a ní kí ó fi ẹnu ẹni tí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà fèsì ní ìlà mẹ́wàá, kí ó sì sọ ìdí tí ó fi fèsì bẹ́ẹ̀. Máàkì mẹ́wàá ni n óò fún un: mẹ́rin fún bí èsì náà ti bá ìwà ẹ̀dá-ìtàn mu, mẹ́ta fún ìdí tí ó mú wá láti inú ìwé, mẹ́ta fún èdè. Mo ti dán an wò nínú ìdánwò ìparí táàmù. Ó gba àkókò láti máàkì, ó tó ìlọ́po méjì ti àtijọ́, ṣùgbọ́n n kò rí ìdáhùn méjì tí ó jọra.